Ọ̀nà Orí Òkè Tí Àbúrò Mi Ń Tọ́jú

Òórùn igi páìnì tí oòrùn ti yan gbẹ ni ó kọ́kọ́ kí mi káàbọ̀ sí erékùṣù Sáípírọ́ọ̀sì, kí ẹnikẹ́ni tó kí mi. O mọ igi páìnì dáadáa, ọ̀rẹ́ mi. Wọ́n pọ̀ lẹ́yìn ilé wa ní Redan níbí, lẹ́bàá Atlanta, tí ewé wọn tó rí bí abẹ́rẹ́ máa ń dí ojú gọ́tà lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n páìnì Atlanta a máa rùn bí ilẹ̀ tútù, bí ẹni pé òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ti Sáípírọ́ọ̀sì gbẹ, ó mú, ó ń wọ inú imú lọ bí oje igi tí wọ́n sọ sínú ẹ̀yinná. Ewéko kan tún wà tó ń hù láàárín òkúta níbẹ̀. Bí bàtà bá ti tẹ̀ ẹ́ báyìí, a ta sánsán bí efinrin. Mo dúró lẹ́bàá ọ̀nà abúlé tí bọ́ọ̀sì já mi sí, mo gbé báàgì mi sílẹ̀, mo ń mí òórùn yẹn, ohun kan ṣoṣo tó sì wà lọ́kàn mi ni ibi tí màá jókòó sí.

Ó ti rẹ̀ mí kí n tó kúrò nílé. Ìwọ náà mọ iṣẹ́ tí mò ń ṣe: nọ́ọ̀sì ni mí ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Morrow, shift oníwákàtí méjìlá, bí ẹnì kan bá sì pè pé ara òun ò yá, èmi ni wọ́n máa ń ní kí n dúró ṣe overtime. Màá gbé ìyá kan dìde, màá wẹ̀ ẹ́, màá pa ìpara sí i lẹ́sẹ̀, màá fún un lóògùn, màá kọjá sí yàrá kejì. Nígbà mìíràn tí mo bá dé parking lot ní ìrọ̀lẹ́, mo lè jókòó sínú ọkọ̀ fún ìdajì wákàtí kí n tó ṣíná sí i. Ẹ̀yìn ń ro mí, orúnkún ń dún. Ta ni ènìyàn fẹ́ fẹjọ́ àárẹ̀ sùn ní ìlú yìí? Ẹni tó o bá sọ fún, ó rẹ òun náà.

Ìyá mi ló rán mi lọ. Àwa méjì péré ni àwọn òbí wa bí, èmi àti àbúrò mi ọkùnrin, ọdún mẹ́rìnlá ló sì wà láàárín wa. Ó lọ kọ́ iṣẹ́ ẹnjiníà ní Sáípírọ́ọ̀sì, bí ọ̀pọ̀ ọmọ ilé wa ṣe ń lọ sí yunifásítì níbẹ̀. Fún ọdún méjì àkọ́kọ́, ó ń pè wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ní ọdún kẹta ìpè rẹ̀ dín kù, nígbà tó sì yá, ó dákẹ́. Ọdún mẹ́fà gbáko la ò fi gbọ́ ohùn rẹ̀. Obìnrin kan nínú ìjọ wa, tí ọmọ rẹ̀ ń kàwé ní erékùṣù náà, ló bá wa wádìí títí tó fi mú nọ́ńbà kan wá fún mi. Mo pè é nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó gbé e, ó gbọ́ ohùn mi, ó ní, "Àǹtí mi," lẹ́yìn náà ó júwe abúlé tó wà fún mi, ó ní ojú ń ti òun láti bá Màmá sọ̀rọ̀.

Nígbà yẹn, Màmá ti ń ṣàìsàn ní Abẹ́òkúta. Ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń wú, obìnrin kan tí mo gbà sílé ló ń tọ́jú rẹ̀. Mo sọ fún un pé mo ti rí ọmọ rẹ̀. Mo tún ní láti sọ fún un pé ojú ń ti ọmọ náà láti bá a sọ̀rọ̀. Màmá kò sunkún. Ó ní kí n lọ mú un wá kí òun tó pa ojú dé. Mo gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́, mo ra tíkẹ́ẹ̀tì tèmi láti Atlanta, mo sì ra méjì láti Sáípírọ́ọ̀sì lọ sí Èkó, ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún un. Bó ṣe dá mi lójú tó nìyẹn. Mi ò bi í bóyá ó fẹ́ lọ.

Mo ti to ọ̀rọ̀ tí màá sọ sílẹ̀ láti inú bàálù. Mo fẹ́ bi í irú ọkàn tó ní. Ṣùgbọ́n nígbà tó yọ láti ìsàlẹ̀ ọ̀nà abúlé náà, mi ò kọ́kọ́ dá a mọ̀. Ọmọ tí mo mọ̀ sanra díẹ̀, ẹ̀rín kì í sì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ yìí gbẹ bí igi, oòrùn ti pa á dúdú ju bí wọ́n ṣe bí i lọ, irùngbọ̀n rẹ̀ sì ti ní ewú díẹ̀díẹ̀, ẹni tí kò tí ì pé ogójì ọdún. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí òkúta wẹ́wẹ́, níwájú òyìnbó méjì tó gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn tí wọ́n ń wo máàpù. Mo ní kó dìde. Ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó gbé báàgì mi lé èjìká, a sì jọ rìn lọ sílé.

Ilé náà kì í ṣe tirẹ̀. Ti ìyá àgbà kan ni, ọmọ erékùṣù náà, tó jókòó sórí àga lábẹ́ ìbòòji igi àjàrà, tó fi aṣọ bo itan bí ooru ṣe mú tó. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò ṣiṣẹ́ mọ́. Àbúrò mi bẹ̀rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ sí i létí ní èdè wọn, ìyá náà sì di ọwọ́ mi méjèèjì mú, ó ní, "Ẹ káàbọ̀." Ó sọ ọ́ pẹrẹsẹ, láìsí òkè láìsí ìsàlẹ̀, bí àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí ní Atlanta ṣe máa ń sọ ọ́. Ó hàn pé wọ́n ti jọ fi kọ́ra fún ọjọ́ mélòó kan. Ó yẹ kí n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mi ò rẹ́rìn-ín.

Ní ìrọ̀lẹ́ mo wo bó ṣe gbé ìyá náà wọlé. Ojú iṣẹ́ ni mo fi wò ó. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ apá rẹ̀, ó fi orúnkún tirẹ̀ ti orúnkún ìyá, ó yí i padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì gbé e ka orí bẹ́ẹ̀dì láìjẹ́ kí aṣọ rẹ̀ ká sókè. Èmi tí mo ti kọ́ ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tuntun ní nǹkan yìí mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń mọ̀ lóṣù kan. Ó ti ń ṣe é tipẹ́. Ó fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ, ó fún un lómi mu, ó nu ẹnu rẹ̀. Inú bí mi sí i. Mo ń ronú pé Màmá wa ló yẹ kí ọwọ́ yẹn máa gbé.

Iṣẹ́ tó ń ṣe lábúlé náà ni láti máa tọ́jú ọ̀nà ẹsẹ̀ kan tó gba orí òkè kọjá, èyí tí àwọn àlejò láti ìlú òyìnbó máa ń wá rìn fún ìgbádùn. Fún ìgbádùn, o gbọ́? Ènìyàn á wọ bàálù, á wá gun òkè nínú oòrùn, á sọ̀kalẹ̀, á sì sanwó fún un. Ó ní òun ní láti yẹ ọ̀nà náà wò láàárọ̀ ọjọ́ kejì kí oòrùn tó mú, pé kí n sùn, kí n sinmi. Mo ní màá bá a lọ. Kì í ṣe nítorí òkè. Mo fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ níbi tí ìyá yẹn kò ti ní máa wo ẹnu wa. Obìnrin aládùúgbò kan wá jókòó ti ìyá náà, a sì jáde.

Bàtà iṣẹ́ tí mo ń wọ̀ ní Morrow ni mo wọ̀, funfun, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti dán. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá mo ti yọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀nà náà kéré, ènìyàn méjì kò lè rìn ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn lórí rẹ̀. Òkúta funfun ni lápá kan, lápá kejì ewé páìnì gbígbẹ ló tẹ́ ẹ bí ẹní. Àwọn kòkòrò kan tí mi ò rí ń dún lórí igi, gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹ̀rọ tí kò ní bọ́tìnì tí a fi ń pa á. Aláǹgbá ń sá wọ abẹ́ òkúta. Níbi tí igi bá ti là, a ń rí òkun nísàlẹ̀, ó mọ́ tó fi ń dun ojú. Àmì ọ̀dà pupa wà lára òkúta níbi tí ọ̀nà bá ti pín, kí àlejò má baà ṣìnà. Àbúrò mi gbé agolo ọ̀dà kékeré kan àti búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ó fi àdá kọ́ ìgbànú. Bó bá dé ibi àmì tó ti ṣá, á kúnlẹ̀, á fi ọ̀bẹ ha èéhù ara òkúta náà kúrò, á tún un kùn, á fẹ́ ẹ lẹ́nu kó lè gbẹ. Ó ń gé ẹ̀gún. Ó ń ṣa ike omi tí àwọn ènìyàn jù sílẹ̀. Òkúta tó bá ti yí kúrò láyè rẹ̀, á gbé e padà, á fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ wò kó tó kọjá. Gbogbo ìgbà ló ń wo ẹ̀yìn láti mọ̀ bóyá mo ń bọ̀. Èmi náà ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, mò ń mí hẹlẹhẹlẹ, ìbínú mi sì ń pọ̀ sí i bí òkè náà ṣe ń ga sí i.

Mo jókòó nígbà tí mi ò lè rìn mọ́, lábẹ́ igi kan tó gbòòrò. Èso gígùn aláwọ̀ ilẹ̀ ló so, ó fẹ́ jọ èso igi irú. Ó já ọ̀kan, ó ṣẹ́ ẹ sí méjì, ó fún mi ní ìdajì. Ó dùn lẹ́nu bí ìyẹ̀fun pupa rúsúrúsú inú èso irú tí a máa ń lá lẹ́yìn ilé ìwé nígbà tí mo wà lọ́mọdé. A jẹ ẹ́. Ìgbà náà ni mo sọ ọ́.

"Màmá ń kú lọ," ni mo wí. "O sì wà níbí, ò ń kun òkúta."

Ó gbé búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀. Kò wò mí. Ó sọ fún mi pé ní ọdún kẹta yẹn, nǹkan kan ṣe òun tí òun kò mọ orúkọ rẹ̀. Bó bá jí láàárọ̀, kì í lè dìde. Kò lọ sí kíláàsì mọ́, kò jẹun, kò gbé fóònù. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbé kó lọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ní ọjọ́ kan ó jáde nílé láìmú nǹkan kan dání, ó wọ bọ́ọ̀sì débi tó já sí, ó sì ń gun òkè yìí lọ. Ó ní kò sí lọ́kàn òun láti sọ̀kalẹ̀ padà. Ìyá yẹn àti ọkọ rẹ̀ ló bá a níbi tó jókòó sí. Iṣẹ́ ọ̀nà yìí ni tọkọtaya náà ń ṣe nígbà yẹn. Wọn kò bi í ní ìbéèrè kankan. Wọ́n fún un ní búrẹ́dì, wọ́n jókòó tì í títí tó fi jẹ ẹ́, bàbá náà sì gbé agolo ọ̀dà lé e lọ́wọ́, ó ní kó bá òun gbé e sọ̀kalẹ̀ nítorí pé ọwọ́ ń dun òun. Ó bá a gbé e. Yàrá tí wọ́n fún un lálẹ́ ọjọ́ náà ni ó ṣì ń sùn sí. Bàbá ti kú. Ọmọ wọn kan ṣoṣo wà lókè òkun, ó máa ń pè bí ọdún bá ń parí. Ọdún kẹta rèé tí ẹsẹ̀ ìyá ti kọṣẹ́.

Mo bi í pé nígbà tí ara rẹ̀ wá yá ńkọ́, kí ló dé tí kò pè? Ó ní òun máa ń tẹ nọ́ńbà Màmá, òun á sì pa á kó tó dún. Lẹ́yìn ọdún kan, ojú ń tì í nítorí ọdún kan. Lẹ́yìn ọdún méjì, ojú ń tì í nítorí méjì. Mo sọ fún un pé mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì. Ó ní ìwé ìgbélùú òun ti kú tipẹ́, pé bí òun bá jáde, òun kò ní lè wọlé mọ́.

"Bí mo bá lọ, Àǹtí mi," ló wí, "ta ló máa gbé e dìde láàárọ̀?"

Èsì rẹ̀ ti dé ètè mi. Mo fẹ́ sọ fún un pé ìyá oníyàá nìyẹn, pé ẹni tó bí i lọ́mọ wà ní Abẹ́òkúta. Ṣùgbọ́n ohun tí mo rí lọ́kàn mi ni ọwọ́ èmi fúnra mi lára ẹsẹ̀ arúgbó, ní Morrow, pẹ̀lú ìpara. Ó ti pé ọdún mẹ́rin nígbà yẹn tí mo ti fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ìyá mi kẹ́yìn, mi ò sì lè ka iye ìyá oníyàá tí mo ti wẹ̀ láàárín ọdún mẹ́rin náà. Ní Abẹ́òkúta, ọmọ ẹlòmíràn ló ń wẹ tèmi. Kí ni mo wá gun òkè láti wá sọ fún ẹnikẹ́ni?

Gbogbo àárẹ̀ tí mo gbé wá láti Atlanta bò mí lẹ́ẹ̀kan náà. Kì í ṣe ti oòrùn, kì í ṣe ti òkè. Mo fi ẹ̀yìn ti igi náà, mo pa ojú dé, bóyá mo tilẹ̀ sùn díẹ̀. Nígbà tí mo la ojú, ó ti bọ́ ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó na án sórí ẹ̀ka méjì kí oòrùn má baà pa mí lójú, ó sì jókòó síwájú mi nínú síńgílẹ́ẹ̀tì, ó ń dúró. Ó gbé omi fún mi. Ó ní ó ku díẹ̀ ká dé ṣónṣó, pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà níbẹ̀.

A dé orí òkè náà. Afẹ́fẹ́ pọ̀, òkun yí wa ká lápá méjì. Mi ò bi í bóyá ó ti ṣe tán. Mo pe Màmá lórí fídíò. Obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ ló gbé fóònù náà, ó gbé e sí iwájú rẹ̀. Mo kọjú fóònù tèmi sí àbúrò mi. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, lórí òkúta, ó ní, "Ẹ kú àárọ̀, mà."

Màmá wò ó títí. Ó ní kó mú ojú sún mọ́ ọn. Ó béèrè bóyá ó ti jẹun. Ó béèrè ohun tó fà á tó fi rù. Lẹ́yìn náà ó béèrè ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀ ní gbogbo ọdún yìí. Àbúrò mi ní ìyá kan ni, mà, pé ìyá náà ló gba òun là. Pé ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kọṣẹ́ báyìí, òun nìkan ló kù tó ń tọ́jú rẹ̀. Ó fẹ́ máa bẹ̀bẹ̀. Màmá gbé ọwọ́ sókè láti dá a dúró.

"Ẹni tó bá mi tọ́jú ọmọ mi," ni Màmá wí, "má fi í sílẹ̀."

Bó ṣe tán nìyẹn. Ọ̀rọ̀ tí mo fò wá láti Atlanta nítorí rẹ̀, ẹni tó rán mi níṣẹ́ náà ló yanjú rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo ń retí kí inú bí mi, ṣùgbọ́n okun ìbínú pàápàá ti tán lára mi. Àbúrò mi bo ojú, èjìká rẹ̀ ń mì. Mo gbé ọwọ́ lé e lọ́rùn níbi tí oòrùn ti sun ún, mo sì jẹ́ kó sunkún débi tó fẹ́. Àwọn àlejò méjì kan gun òkè dé, wọ́n rí wa, wọ́n yà sápá kan bí ẹni tó mọ̀ pé ibẹ̀ kì í ṣe tiwọn. Nígbà tí a ń sọ̀kalẹ̀, ó gé igi fún mi láti fi tilẹ̀, ó sì ń rìn níwájú mi ní ẹ̀gbẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kan sẹ́yìn, kí n lè dì í mú.

Èmi nìkan ni mo wọ bàálù lọ sí Èkó. Mo lo ọjọ́ márùn-ún lọ́dọ̀ Màmá, mo ní kí obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ lọ rí ìyá tirẹ̀ ní abúlé, mo sì fi ọwọ́ ara mi wẹ ìyá mi ní gbogbo ọjọ́ márààrún. Lẹ́yìn náà mo padà sí Atlanta, torí pé wọ́n ti kọ orúkọ mi sílẹ̀ fún shift ọjọ́ Ajé. Oṣù kẹrin rẹ̀ ni Màmá lọ. Àbúrò mi wo ìsìnkú náà nínú fóònù, lábúlé rẹ̀. Àwọn ẹbí sọ̀rọ̀ sí i gan-an, wọ́n ní ọmọ wo ni kì í wá sin ìyá rẹ̀. Mo ní ó ní ẹni tí kò lè fi sílẹ̀. Wọ́n wò mí bí ẹni tí ìbànújẹ́ ti dà lórí rú, mi ò sì ṣe àlàyé.

Mi ò ní purọ́ fún ọ pé ó ti yé mi tán. Ọjọ́ mìíràn wà tí mo bá dúró ní ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì ní Morrow, tí arúgbó kan bá fara tì mí, tí ó máa ń dùn mí pé kì í ṣe ìyá tèmi ni mò ń gbé. Ṣùgbọ́n mi ò ka ara mi sí ọ̀dàlẹ̀ mọ́ nítorí rẹ̀, mi ò sì ka àbúrò mi sí i. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ìfẹ́ ní ojú ọ̀nà kan ṣoṣo tó gbọ́dọ̀ gbà padà, láti ọ̀dọ̀ ọmọ lọ sọ́dọ̀ ẹni tó bí i, àti pé bí kò bá gba ibẹ̀, ó ti sọnù nìyẹn. Mo ti rí i báyìí pé ó lè gba ọ̀dọ̀ àjèjì lọ, kó sì dé ibi tó yẹ kó dé. Ìyá mi tí kò gun òkè kankan ló mọ̀ ọ́n ṣáájú mi.

Àbúrò mi máa ń pè mí ní ọjọ́ Sátidé tí mi ò bá lọ síbi iṣẹ́. Mi ò bi í mọ́ ìgbà tó máa wálé. Mo máa ń na ẹsẹ̀ sórí àga, màá bi í bí ọ̀nà ṣe rí lọ́sẹ̀ náà, òun náà á sì máa sọ fún mi pẹ̀lú sùúrù: igi tí afẹ́fẹ́ wó, ibi tí òjò ti gbẹ́ ilẹ̀, bí ìyá ṣe sùn. Èmi náà á sọ tèmi. Nígbà mìíràn a kì í rí nǹkan sọ mọ́, a ó kàn máa gbọ́ èémí ara wa, ẹni méjì tó ti rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa ń yára pa fóònù.